Igi òpópónà ń tán nílùú wa: ṣé ọ̀nà ló ń gé e ni, àbí àwa fúnra wa?

Ìbéèrè tó wọlé:

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀kun o. Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mo ń gbé. Wọ́n fẹ́ fẹ òpópónà wa, wọ́n sì fẹ́ la gọ́tà sí i lọ́tùn-ún lósì. Inú gbogbo wa ló dùn sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára gbogbo igi tó wà lẹ́bàá títì, mángòrò àti dóńgóyárò tí àwọn òbí wa pàápàá bá níbẹ̀. Bàbá onílé mi ní ọjọ́ tí òun ti ń retí nìyẹn. Ìyá tó ń sun àgbàdo lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun béèrè ibi tí òun máa gbé àdògán lọ. Èmi wá ní ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n dá díẹ̀ sí, ni wọ́n bá pè mí ní ọ̀tá ìdàgbàsókè. Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó bá ń gbèjà igi ń bá ọ̀nà jà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi.

* * *

Kò bá ọ̀nà jà. Ṣùgbọ́n kí inú tó bí wa sí kọńtírákítọ̀, ẹ jẹ́ ká gbà fún ara wa pé gọ́tà kọ́ ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú igi tó ti kúrò nílùú wa. Àwa onílé ni.

Ẹ gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà tàbí ọ̀nà Òkéènè jáde ní Kàbà, kí ẹ wo àwọn ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. Kí bíríkìlà tó na okùn ìpìlẹ̀, katakátà ti kọ́kọ́ há ilẹ̀ náà mọ́ féfé. Igi igbá tí wọ́n ń ká irú rẹ̀ lọ, igi èmi lọ, káṣú tó ti ń so lọ. Ilé á gba ìdajì ilẹ̀, wọ́n á fi intalọ́ọ̀kì bo ìdajì tó kù láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ra igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dúró ṣanṣan yẹn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní másíkúréèdì, wọ́n á gbin ọ̀kan sọ́tùn-ún géètì, ọ̀kan sósì. Igi yẹn kò lè ṣíji bo adìyẹ.

Ìjọba kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ yìí. Kò sí òfin tó ní kí ẹ hú igi tó wà lẹ́yìnkùlé kí ẹ tó kọ́ yàrá síwájú. Lójú tiwa ni ilẹ̀ tí igi ṣì wà lórí rẹ̀ kò tíì di ilẹ̀ ènìyàn. Tí ẹ bá dá igi kan ṣoṣo sí láàárín ilẹ̀, ará àdúgbò á ní owó ti tán lọ́wọ́ yín lẹ ṣe fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, bàbá onílé yín tó ń retí ọjọ́ ọ̀dà pupa, kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gé tiwa tipẹ́, ti títì ló ṣẹ́ kù.

* * *

Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n ń ka sí igi lọ́rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ń la ògiri. Ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà. Ejò ń gbé orí rẹ̀. Àwọn ìyá ayé ń ṣèpàdé lórí rẹ̀ lóru. Ìjì á gbé e lé páànù lọ́jọ́ kan.

Ti ìpàdé òru, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń pè síbẹ̀. Ti ejò, eku ni ejò ń wá, ààtàn tí a ń dà sẹ́yìn ilé ló sì ń bọ́ eku.

Ti gbòǹgbò, òótọ́ wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àràbà tàbí òdán tó bá súnmọ́ ilé á ba ilé jẹ́, á ba kànga jẹ́, ẹni tó bá gbìn ín síbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ògiri tó là nínú ọgbà tí kò sí igi kankan níbẹ̀. Mélòó ni kò ní? Ìpìlẹ̀ tí kò jìn, búlọ́ọ̀kù tí iyanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ, ilẹ̀ amọ̀ tó ń wú lójò tó ń fà lẹ́ẹ̀rùn. Ọbájánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá ńlá kó sìmẹ́ńtì kọjá níwájú ilé wa, a ṣì ń ṣahun sìmẹ́ńtì. Tí ògiri bá wá là, a ó ní mángòrò ni.

Ti ìjì ló ká mi lára jù. Wọ́n ní igi kì í dá lóko kó pa ará ilé, ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ yìí, inú ilé ló wà. Òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin máa ń bá afẹ́fẹ́ wá, igi sì máa ń wó lóòótọ́. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo èyí tó wó. Ní ìgbà púpọ̀, igi tí wọ́n ti gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan nígbà tí wọ́n ń wa gọ́tà tàbí tí wọ́n ń ri ọ̀pá omi ni. Tàbí igi tí àwọn oníná mànàmáná ti gé gbogbo ẹ̀ka apá kan rẹ̀ dànù nítorí wáyà, tí gbogbo ìwúwo wá wà níhà kejì. Tàbí èyí tí wọ́n ń dá iná ààtàn sí ní ìdí lójoojúmọ́ títí inú rẹ̀ fi di ihò. Àwa la kọ́kọ́ fi í ṣe arọ, a wá bínú pé ó ṣubú.

Igi ńlá nílùú fẹ́ kí ènìyàn máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ déédéé, kí wọ́n gé èyí tó ti gbẹ, kí wọ́n dín orí rẹ̀ kù ní ìhà méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, owó sì ni. Kò sí ẹni tó ń ṣe é, nítorí kò sí ẹni tó ni igi ojú títì. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gé e nìkan ni olówó rẹ̀ máa ń yọjú. Mo máa padà sí èyí.

* * *

Arákùnrin kan láti Mọ̀pà ní kí a yé pariwo, pé igbó ló yí wa ká, a kì í ṣe Kánò, a kì í ṣe Èkó, kí ni dóńgóyárò kan láàárín ìlú jámọ́?

Ẹ̀gbọ́n, igbó tó wà lọ́nà oko yín, ṣé ó ń ṣíji bo ọjà ni?

Igi ń ṣe iṣẹ́ méjì lójú oòrùn. Ó ń gbà á kó má kan ilẹ̀, ìyẹn ni òjìji tí gbogbo wa mọ̀. Ó tún ń fa omi láti ìsàlẹ̀, ó ń tú u jáde lójú ewé, omi náà á máa gbẹ, á sì máa gba ooru lára afẹ́fẹ́ bí ó ti ń gbẹ, bí omi tó ń yọ lára àmù ṣe ń mú ti inú rẹ̀ tutù. Kọnkéré, páànù àti ọ̀dà títì kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ooru tí wọ́n bá mu lọ́sàn-án, òru ni wọ́n ń pọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí yàrá fi ń gbóná ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tipẹ́. Àti pé ibi tí igi wà gan-an ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Igbó Bùnú kò lè mú Lọ́kọ́jà tutù.

Mo sì mẹ́nu kan Lọ́kọ́jà nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo oṣù kẹta níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ, ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ láàárín òkè àti odò méjì. Ọmọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe lábẹ́ dóńgóyárò kan nítòsí ibiṣẹ́ wa. Wọ́n gé igi náà kí pátákó ìpolówó lè hàn sójú títì. Ọmọ náà ra agboòrùn ńlá. Agboòrùn dí oòrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru abẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ ojú fóònù kì í le mọ́, fóònù oníbàárà á máa kọ ọ́ sójú pé òun ti gbóná jù, á sì pa ara rẹ̀. Ó wá di pé ó ń gbé tábìlì rẹ̀ tẹ̀ lé òjìji pátákó kan náà yẹn káàkiri: àárọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ní ìlà oòrùn. Tó bá di ọ̀sán gangan, kò sí òjìji, ó máa ń ti ọjà. Obìnrin tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kó lọ.

Kò sí ẹni tó ka àwọn wọ̀nyí mọ́ owó iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń gé igi. Ọ̀fẹ́ ni igi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ kò fi sí nínú ìwé kankan.

Igbó tó yí wa ká pàápàá, ẹ máa wò ó dáadáa. Èédú ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́ nínú àpò lọ sí Àbújá. Igi kósò tó wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò kó o lọ sí Ṣáínà débi pé àdéhùn àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó ń tán lọ ní láti fi í sábẹ́ ìṣọ́ láti 2017. N kò fi igbó yẹn ṣe ìdógò fún ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi tí wọ́n gé ní Lọ́kọ́jà ló fa omíyalé 2012 àti 2022, mo wà lẹ́yìn yín nínú ìfẹ́ igi, ṣùgbọ́n èyí kò tọ́. Odò Ọya àti Bẹ́núé ló kún bo bèbè. Òjò tó rọ̀ láti òkè odò lọ́hùn-ún àti omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ní ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù wà nínú rẹ̀. Kò sí mángòrò tó lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró ní Adánkọlọ́ tàbí Gánájá.

Ti ọ̀gbàrá ni igi lè bá wa jà. Ní Kàbà, ní Ògìdì, ní àwọn ìlú wa tí òkè àpáta yí ká, omi òjò máa ń rọ́ láti òkè wá sí àdúgbò. Ibi tí ewé bá wà láti gba òjò, tí gbòǹgbò sì di ilẹ̀ mú, omi á rọra wọlẹ̀. Ibi tí intalọ́ọ̀kì bá wà láti géètì dé géètì, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà, gọ́tà á kún, a ó ní kọńtírákítọ̀ jẹ owó. Ó lè jẹ ẹ́ lóòótọ́, ìyẹn kò yọ intalọ́ọ̀kì kúrò.

* * *

Kúkúrú ni èyí. Ẹnì kan ní dóńgóyárò kì í ṣe igi wa, kí la wá ń sunkún rẹ̀ fún? Òótọ́ ni, Íńdíà ló ti wá. Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin èso rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1928. Mángòrò náà, Íńdíà. Káṣú tí a fi ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ yìí, Brazil. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ jẹ lánàá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

* * *

Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igi. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ayálégbé èyíkéyìí pé kí ló dé tí kò gbin igi. Mo gbin mángòrò sẹ́yìnkùlé ilé tí mo yá, igun kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó ti yọ ewé dáadáa nígbà tí onílé rí i. Kò bínú o. Ó kàn rọra sọ fún mi pé kí n hú u, pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ kí ni? Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá kò ní béèrè. Àgbàtóko lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, á san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Kò gbọdọ̀ gbin kòkó, kò gbọdọ̀ gbin kọfí, kò gbọdọ̀ gbin ọ̀pẹ. Ohun tó bá lè pẹ́ lórí ilẹ̀ lè di ẹ̀rí níwájú ọba tàbí ní kọ́ọ̀tù: "Bàbá mi ló gbin igi yẹn." Ọgbọ́n àwọn baba wa ni, ó sì ṣe wọ́n láǹfààní. Ṣùgbọ́n a ti gbé òfin oko wá sínú ìlú. Ní ìlú tí ayálégbé ti pọ̀ tó báyìí, ẹni tí oòrùn ń pa kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbin igi, ẹni tó sì lẹ́tọ̀ọ́ ń gbé ní Àbújá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fi í sínú ìwé àdéhùn ilé: igi tí ayálégbé bá gbìn, onílé ló ni ín, ayálégbé kò ní béèrè kọ́bọ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Èmi ti rí onílé kan ní Lokongoma, ní Lọ́kọ́jà, tó gbà bẹ́ẹ̀, ó tún fi owó ajílẹ̀ kún un.

Ìhà kejì ni ti owó gbà-má-bínú. Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ohun tó ń sanwó fún ni ilé, iṣẹ́ tí ẹ ṣe sórí ilẹ̀, àti ohun ọ̀gbìn. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ níbí: àwọn tó wá kà á máa ń ka káṣú, ọ̀pẹ, ọsàn, mángòrò inú oko. Òdán tí gbogbo àdúgbò ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọn kì í kà á. Kò so èso tí wọ́n lè tà, kò sì sí ẹni tó máa jáde pé tòun ni. Igi tó bá ní olówó á gbowó, èyí tó ń ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní á lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì rí i pé ó rọ kọńtírákítọ̀ lọ́rùn láti gba ibi tí òdán wà kọjá ju ibi tí káṣú wà lọ.

Láyé àtijọ́, igi gbogboògbò ní olówó. Akòko tó wà níwájú ààfin, ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ oyè. Òdán ọjà wà lábẹ́ ọba àti ìyálọ́jà. Pèrègún ààlà wà lábẹ́ ẹbí méjì, ẹni tó bá hú u, ìjà dé. Bíkìn sọ́fíyọ̀ ti gba iṣẹ́ pèrègún báyìí, bẹ́ẹ̀ ọmọdé lè fi òkúta fọ́ bíkìn láàárọ̀ kan. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ìlú yí i ká, síbẹ̀ ó dúró, nítorí ó ní ẹni tó ni ín, ó sì ní ẹ̀rù lára. Mi ò ní kí ẹ lọ máa bọ igi o, kí àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì má pè mí. Mo ní kí igi ní ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ní àwọn òyìnbó kò lè ṣe irú ìyà yìí fún igi láyé. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín.

Ní Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìlú gbé iṣẹ́ títì fún iléeṣẹ́ kan, àdéhùn ọdún 25 tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Wọ́n gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ojú títì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣe dáadáa, wọ́n kàn ní gbòǹgbò wọn gbé ojú ọ̀nà sókè. Ní November 2016, wọ́n wọ òpópónà kan tó ń jẹ́ Rustlings Road ní ìdájí pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n jí àwọn ènìyàn lójú oorun kí wọ́n lè wá gbé ọkọ̀ wọn, wọ́n gé igi mẹ́jọ, wọ́n sì mú àwọn ìyá méjì tó ti pé àádọ́rin ọdún. Ẹjọ́ náà kò dé ibì kan. Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ní 2018 tí wọ́n sì jọ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gígé kò yẹ kó kú rárá: ẹ tẹ etí ọ̀nà díẹ̀, ẹ tún ojú ibi tó gbé sókè ṣe, ó parí. Ìròyìn ìwádìí jáde ní 2023, ìgbìmọ̀ ìlú náà sì tọrọ àforíjì.

Ní Nairobi, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà ńlá orí afárá, ìbátan òdán kan wà lójú ọ̀nà Waiyaki Way tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fẹ́ hú u. Àwọn ènìyàn dìde, ìjọba sì buwọ́ lùwé ní November 2020 pé kó dúró síbẹ̀. Ó dúró. Ọ̀nà náà kò tìtorí ẹ̀ má parí. Òótọ́ tó kù ni pé igi púpọ̀ mìíràn lọ nínú iṣẹ́ kan náà láìsí ẹni tó buwọ́ lùwé fún wọn.

Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni pé igi tí ẹnì kan tọ́ka sí, tó sì béèrè nípa rẹ̀ kí wọ́n tó dé, òun ló ń ṣẹ́ kù.

* * *

"Tí wọ́n bá gé e, ká gbin òmíràn." Gbogbo òṣèlú ló mọ gbólóhùn yìí. Èkó ní ọjọ́ igi gbígbìn tiwọn, 14 July, gbogbo ọdún. Ọ̀dọ̀ tiwa náà, a máa ń rí i: aṣọ ẹgbẹ́, kámẹ́rà, ṣọ́bìrì tuntun tí kò tíì kan ilẹ̀ rí. Tí kámẹ́rà bá lọ, ewúrẹ́ á dé.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá igi tó tóbi jù ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, ó ju katakátà lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ nítorí gbogbo wa la ní ewúrẹ́. Àwọn kan ń fi imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí i ká, ewúrẹ́ á fi orí ti i. Àwọn kan ń fi táyà àtijọ́ tò ó lérí ara wọn, ìyẹn dára díẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn àgbà mọ̀ ló dára jù: ẹ má gbin èyí tó kéré. Òdán kò nílò èso. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn bí apá, tó ga ju ènìyàn lọ, ẹ gún un mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, yóò ta gbòǹgbò. Ewé rẹ̀ wà lókè, ewúrẹ́ á kàn máa wò ó. Akòko náà máa ń hù bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn jìnnà sí ilé àti kànga pẹ̀lú òdán, mo ti sọ ìdí rẹ̀.

Àsìkò tún wà níbẹ̀. Igi tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹsàn-án, òjò oṣù kan àbọ̀ ló rí mu kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ gbìn ín ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà. Lábẹ́ wáyà iná, ẹ gbin ohun tí kì í ga, gúáfà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, kí ẹ má baà fún àwọn oníná ní iṣẹ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ní orúkọ. "Gbogbo wa la máa bomi rin ín" túmọ̀ sí pé ó ti kú.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tí a máa gbìn ṣe pàṣípààrọ̀ èyí tó ti wà. Igi tí ẹ gbìn lónìí, ọmọ tí ẹ bí lónìí á ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì kí òjìji rẹ̀ tó tó ti èyí tí wọ́n gé.

* * *

Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ béèrè. Ẹ má lọ di igi mú, wọn á gbé yín sí Facebook. Ọ̀dà pupa kì í ṣe ìdájọ́ ikú, ó lè jẹ́ àmì pé wọ́n kà á. Ẹ wá ẹnjiníà tó wà nídìí iṣẹ́ náà, kì í ṣe àwọn ọmọ tó kun ọ̀dà. Ẹ lọ ní ẹni mẹ́ta mẹ́rin, kí baálẹ̀ àdúgbò wà níbẹ̀, kí ìyá alágbàdo náà wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ ní kó fi okùn na ibi tí gọ́tà máa gbà gan-an, kí gbogbo yín rí i. Igi tó bá bọ́ sáàárín okùn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà púpọ̀ ni igi tí okùn kò kàn rárá wà lára èyí tí wọ́n kùn, nítorí gígé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rọrùn fún wọn ju yíyàn lọ. Àwọn yẹn ni kí ẹ gbà padà. Èyí tó bá wà létí okùn, ẹ béèrè bóyá gọ́tà lè yà díẹ̀ níbẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ wa ibẹ̀ dípò ẹ̀rọ, kí gbòǹgbò ńlá má baà gé lápá kan. Kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé sínú ìwé, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ tún béèrè ìbéèrè kan tí kò sí ẹni tó máa ń béèrè: ta ló ń gbé igi náà lọ tí wọ́n bá gé e? Mángòrò àti dóńgóyárò kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí lọ́dọ̀ àwọn onípákó, ilé búrẹ́dì àti àwọn tó ń sun ẹran ló máa rà á. Ṣùgbọ́n tí ìrókò tàbí ògànwó bá wà lára èyí tí wọ́n kùn, tí okùn gọ́tà kò sì kàn án, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pákó rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ ní kí owó pákó náà bọ́ sápò àdúgbò, fún ríra ọ̀gbìn àti fún ẹni tó máa bomi rin ín. Ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa yára rántí pé igi yẹn kò sí lójú ọ̀nà.